Ẹ̀gẹ́ Múfú àti Owó Másítà Mi

Lálúpọn, Sátidé

Ìwé mi, má bínú pé ọwọ́ yìí náà ni mo fi ń kọ ọ́.

Bàbá ta ẹ̀gẹ́ oko Múfú àbúrò mi fún àwọn onígàrí láìsọ fún un, kí n lè sanwó másítà, oyè kejì ní yunifásítì, nínú ìmọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ọmọ iléèwé, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún. Lónìí, Múfú bá èmi àti Bàbá lóko níbi tí àwọn onígàrí ti ń hú ẹ̀gẹ́ náà. Ó yọ àdá.

"Àǹtí, ṣebí ọpọlọ ọmọ ọlọ́mọ lẹ fẹ́ máa tún ṣe? Ẹ wá tún tèmi ṣe!"

Ó ṣá Bàbá lápá. Mo gbá ọkọ́ mọ́ Múfú lórí, ó ṣubú, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Ó ń ké "Àǹtí", mo tún gbá a.

Ọjọ́ Ajé ni wọn yóò kọ́ wa ní yunifásítì bí a ṣe ń pẹ̀tù sí ọmọ tó ń jà.

Jọ̀wọ́, bá mi pa àṣírí yìí mọ́: nígbà tí mo gbá a lẹ́ẹ̀kejì, kò sí àdá lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.