Nọ́ńbà Etí Màlúù Wa

Ṣakí,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Agẹmọ.

Bàbá mi àtàtà,

Àsàlámù àlékúmù. Mo lérò pé ara yín le, pé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀, pé òjò ò sì yọ Ìpàpó sílẹ̀. Èmi wà dáadáa. Ayọ̀ ni kò jẹ́ kí n lè jókòó jẹun láti òwúrọ̀.

Bàbá, mo ti rí i. Màlúù pupa yẹn, tiyín ni. Ẹ ò jí i, Bàbá Misturat ọ̀rẹ́ yín náà ò sì purọ́ mọ́ yín. Èmi ni mo ṣe é.

Ẹ rántí pé èmi ni mo kọ ètò tó wà nínú fóònù ẹgbẹ́ àgbẹ̀, èyí tó ń ka nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára àmì etí màlúù kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà náà gùn, ogún ẹyọ ni. Èdè kọ̀ǹpútà tí mo lò kò lè rántí ju bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ńṣe ló ń fi òdo dí ìyókù, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà tiyín parí sí eéje, ti màlúù Bàbá Misturat parí sí ẹẹ́rin, ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ, màlúù kan ṣoṣo ni. Ohun tó mú kí ẹ máa pe ara yín lólè láti Iléyá kò ju ìyẹn lọ.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ tí mo ṣe tún burú jù. Ó fi àmì ìyọkúrò síwájú nọ́ńbà wa, bíi pé màlúù ọ̀hún ló jẹ wá ní gbèsè màlúù kan. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ìgbà náà ni mo rántí oko. Ẹ kì í ka ebè kọjá igba. Ẹ̀yin á máa kà, Bàbá Misturat á máa tẹ̀lé yín. Bó bá ti pé igba, wọ́n á fi igi kan gúnlẹ̀ létí oko, ẹ̀yin á tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Kò sí ebè tó sọnù rí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe. Mo gé nọ́ńbà náà sí wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ lè gbé. Bí ọ̀kan bá ti kún, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á gún igi. Láàárọ̀ yìí, ó ka eéje ní eéje, ó ka ẹẹ́rin ní ẹẹ́rin. Mo pariwo débi pé Àyọ̀ká tí a jọ ń gbé yàrá rò pé ejò ló wọlé.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin nìkan ò lè máa ka ebè kí ẹ tún máa gún igi.

Kí Ọlọ́hun lọ́ra ẹ̀mí yín, kí ó jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́.

Èmi ni ọmọ yín tó dá ìjà sílẹ̀, tó sì fẹ́ parí rẹ̀,
Sodiqat.

Àfikún: Mo ti kọ irú lẹ́tà yìí sí Bàbá Misturat. Mo sọ fún wọn pé ẹ ti ń bọ̀ wá kí wọn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín di òpùrọ́.