Ìdí Tí Apá Ẹ̀rọ Fi Ń Kọjú sí Ògiri

Ilé Kejì sí Ẹ̀rọ Omi,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-iṣẹ́.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta, 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Amójútó Ààbò Òṣìṣẹ́,
Ilé Ìjọba, Àjà Kejì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ WỌ́N MÁ PA ÌRÌN ỌWỌ́ ỌMỌ MI RẸ́ LÁRA APÁ Ẹ̀RỌ TÓ Ń KUN ÀGA KÍ Ẹ TÓ WÁ WÒ Ó

1. Èmi ni ìyá obìnrin tí wọ́n ń pè ní Akunga, tó máa ń kun àga ní yàrá ọ̀dà ilé-iṣẹ́ àga onírin tó wà ní òpópónà wa. Ọmọ mi wúkọ́ títí èémí kò fi tó o mọ́, ó sì kú. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, ẹnikẹ́ni kò bá mi kọ ọ́. Kíláàsì àwọn àgbàlagbà ni mo ti kọ́ ìwé, wọ́n sì ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ níbẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì ohùn kan tó jókòó síbi tí kò yẹ ẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fò ó. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ṣìnà.

2. Kí ọmọ mi tó kú, ilé-iṣẹ́ ra apá ẹ̀rọ kan tí yóò máa fọ́n ọ̀dà sára àga. Ọmọ mi ni wọ́n ní kó kọ́ ẹ̀rọ náà níṣẹ́, nítorí kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dán tó tirẹ̀ nínú ọ̀dà kíkùn. Wọ́n ní kó di apá náà mú, kó fi kun àga bó ṣe máa ń kùn ún, ẹ̀rọ yóò sì gbà á sórí.

3. Nígbà tí mo lọ kó ẹrù rẹ̀, mo dúró níwájú gíláàsì yàrá ọ̀dà, mo sì rí ọmọ mi. Kì í ṣe àlá, ojú mi kò sì ṣe bàìbàì. Apá irin ni mo ń wò, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ tó gbé sókè díẹ̀ yẹn, ọmọ mi ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ ló ń gbé e bó bá ń sá aṣọ sórí okùn. Ó kun ẹ̀yìn àga, ó kun ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó dúró. Ó yí kúrò lára àga, ó kọjú sí ògiri, ó mì tìtì, ó sinmi, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí àga mìíràn dé, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀.

4. Èmi ni mo kọ́ ọmọ mi bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún un pé bí ikọ́ bá gbé e, kó yí ojú kúrò lọ́dọ̀ èèyàn àti lórí oúnjẹ. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀kọ́ ilé tí mo fún ọmọ mi ti wọnú irin, ẹ̀yin ọ̀gá, ibẹ̀ ni mo sì ti bá a.

5. Mo bi oníná ilé-iṣẹ́ náà, ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Wáyà, léèrè ohun tí mo rí. Ó ní sẹ́fò mọ́tò ló ń gbé apá náà. Mo ní kó mú mi lọ síbi tí wọ́n páàkì mọ́tò ọ̀hún sí, kí n bá dírẹ́bà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Màmá, mọ́tò yìí kò ní táyà o, kò sì gba èrò.” Ó rẹ́rìn-ín tán, ó wá là mí lọ́yẹ. Mọ́tò tó ń yí fáànù, bí iná bá ti dé, yóò ṣáà máa yí ni; kò mọ ibi tó dé. Sẹ́fò kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ojú kan lára tó ń wo bó ṣe yí tó, ó sì ní ọpọlọ kan tó ń fi ibi tó wà wé ibi tí wọ́n ní kó wà. Bí méjèèjì kò bá bára mu, yóò máa tún ara rẹ̀ ṣe títí wọn yóò fi bára mu. Bí ẹ bá tì í, yóò tì yín padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó níbi tí iṣẹ́ kò ti gba àṣìṣe: níbi tí wọ́n ti ń rọ omi sínú ìgò, níbi tí wọ́n ti ń gé aṣọ, àní lọ́dọ̀ àwọn dókítà tó ń fi ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Oríkèé kọ̀ọ̀kan lára apá yìí ló ní tirẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi ń fà á kiri, àwọn ojú náà ń ka bí oríkèé kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí. Ohun tí wọ́n kà ni àwọn mọ́tò náà ń tún ṣe títí di òní. Mo bi í bóyá ẹ̀rọ lè fi tara rẹ̀ kún un. Ó ní, “Màmá, ohun tí wọ́n fi hàn án ló ń ṣe. Kò mọ irọ́ pa.”

6. Ilé-iṣẹ́ sọ fún mi pé ọmọ mi kò wúkọ́ lẹ́nu iṣẹ́ rí, pé ilé ló ti kó àìsàn wá. Ìdúró apá náà, wọ́n ní àṣìṣe ẹ̀rọ ni. Àṣìṣe wo ló ń mọ ojú ibi tí yóò ti ṣẹlẹ̀ lórí gbogbo àga? Lára ògiri tí apá náà ń kọjú sí, ọ̀dà ti dì, ó nípọn bí èèpo igi. Lókè ibẹ̀ gan-an ni fáànù tó yẹ kó máa fa èéfín ọ̀dà jáde wà. Kò yí. Aláǹtakùn ti kọ́lé sí i. Àwọn obìnrin tó ń gbé àga kọ́ sórí ìkọ́ ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ di àyà mú.

7. Ní báyìí, wọ́n ní ìdúró yẹn ń fi ọ̀dà ṣòfò. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù yìí, wọn yóò pa ohun tó wà lórí ẹ̀rọ náà rẹ́, wọn yóò sì tún un kọ́. Ẹni tí wọ́n yàn láti kọ́ ọ ni ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ọmọ tí olóògbé fi sílẹ̀, nítorí wọ́n ní ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló jogún. Iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n, ó ti gbà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, “Ìyá àgbà, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi kò ní wúkọ́.” Èsì yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí.

8. Àgbà òṣìkà ní í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Mi ò ní kí ẹ gba tèmi nìkan gbọ́. Ṣùgbọ́n ìròyìn kò tó àfojúbà. Mo bẹ̀ yín, ẹ wá kí Ọjọ́bọ̀ yẹn tó dé. Ẹ dúró níwájú gíláàsì náà, ẹ wo apá yẹn bó ṣe ń kun àga, ẹ wo ògiri, ẹ wo fáànù. Kí ẹ sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni, ọmọ-ọmọ mi tàbí ọmọ ẹlòmíràn, kò gbọdọ̀ wọ yàrá náà títí atẹ́gùn ibẹ̀ yóò fi ṣeé mí.

9. Mi ò bẹ̀ yín pé kí apá náà máa ṣe bí ọmọ mi títí láé. Bí ẹ bá ti wò ó tán, tí ẹ sì ti jẹ́rìí sí ohun tí ẹ rí, kí wọ́n pa á rẹ́. Kí ẹ ṣáà jẹ́ kí n wà níbẹ̀. Láti ìgbà tó ti kú ni wọ́n ti ń lò ó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tó tíì yà sọ́dọ̀ rẹ̀ láti kí i pé ó kú iṣẹ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tó ń wo ọ̀nà yín,

Ìyá Olóògbé Akunga,
Akẹ́kọ̀ọ́ Ìpele Kejì, Kíláàsì Àwọn Àgbàlagbà.