Wọ́n Ní Oyún Ni, Èmi Fura Sí Ebi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa olóòtú. Ẹ má bèèrè orúkọ mi. Ará Ẹ̀jìgbò ni mí, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ jẹ́ ká pè é ní Ummuhani, kò rí nǹkan oṣù rẹ̀ mọ́. Àbíjáàn ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà, ni Màámi bá ń fura pé ó ti gboyún fún ẹlòmíràn. Nọ́ọ̀sì ní kò sí oyún. Màámi ní, "Ìwọ àti nọ́ọ̀sì lẹ jọ dìmọ̀lù!"

Èmi ò gbà. Mo mọ Màámi sín jẹ dáadáa. Lánàá, mo fi ohùn wọn pè é lẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Ummu, ṣé o ti jẹ iyán yẹn?"

"Mo ti jẹ ẹ́ tán, Màámi."

Mo ṣílẹ̀kùn: ó ń di iyán sínú ọ̀rá! Ó ní òun ò fẹ́ sanra dé Àbíjáàn. Èjìká rẹ̀ ti di hángà aṣọ. Ó mú mi búra pé n kò ní í sọ.

Ṣé ebi lè dá nǹkan oṣù dúró? Ṣé ó ṣì máa bímọ? Jímọ̀ ni Màámi fẹ́ pe àwọn àna láti tú ìgbéyàwó ká. Ẹ bá mi tètè ka lẹ́tà yìí lórí rédíò. Màámi máa ń gbọ́ ètò yín, ẹ̀yin ò sì búra fún ẹnikẹ́ni.