Ìlà Àbúrò Mi Tí Mo Pa Rẹ́

Èmi, tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Bàbá Àyẹ̀wò, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, tí ìwé mi kò kọjá girama, ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìhágún yìí. Orí mi pé. Inú ló ń bí mi, inú bíbí kì í sì í ṣe wèrè. Télọ̀ ojúlé kejì ni yóò bá mi pín in.

1. Ìyàwó mi ló ni ilé, pẹ̀lú òrùlé tó ń jò tí mo ti ń sọ láti ọdún mẹ́fà pé n óò tún ṣe. Kó má bínú. Tàbí kó bínú. Ó tọ́ sí mi.

2. Kí ọmọ mi gba ajá. Òun nìkan ló ń gbọ́ tèmi nínú ilé yìí.

3. Mo fi ṣíìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìwé onílà tí gbogbo ọ́fíìsì lè kọ nǹkan sí, sílẹ̀ fún ọ̀gá mi. Irinwó àyẹ̀wò ni mo kọ sínú kóòdù, èdè tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́, kí a lè mọ̀ bóyá ètò kọ̀ǹpútà tí a ń ṣe fún àwọn ilé ìwòsàn ń ṣírò òògùn bó ṣe yẹ. Ọ̀gá ní òun kò rí kóòdù kà, àfi kí n kó o sínú ṣíìtì tí òun lè ṣí lórí fóònù. Mo kọ ètò kékeré kan tó ń kó o síbẹ̀ láràárọ̀. Ó ń kọ́kọ́ nu gbogbo ṣíìtì nù ná, kó tó kó tuntun sí i. N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ń kun ìlà ní àwọ̀ ewé, ó ń pe ara rẹ̀ ní onímọ̀. Kó máa kùn ún lọ!

4. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, tí èmi fúnra mi mú wọ iṣẹ́ náà, fọwọ́ tẹ ìlà kan sínú ṣíìtì: kí a dán òògùn ọmọdé wò, bí nọ́ọ̀sì bá gbàgbé láti kọ bí ọmọ ṣe wúwo tó. Ilẹ̀ mọ́, ètò mi nù ún dànù. Kò sẹ́ni tó dán an wò. Nọ́ọ̀sì kan gbàgbé lóòótọ́, ètò ilé ìwòsàn ṣírò òògùn jù, ọmọ kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Ọ̀gá dúró láàrin ọ́fíìsì, ó ní ìlà dà? Àbúrò mi búra pé òun kọ ọ́. Ó wojú mi. Mo wolẹ̀. Wọ́n pè é ní òpùrọ́, wọ́n lé e. Wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Páálí ẹrù àbúrò mi ni èmi rù dé ẹnu ọ̀nà, bí ẹ̀gbọ́n rere. Mo kórìíra ọ̀gá. Mo kórìíra ara mi jù ú lọ.

Ṣíìtì kì í gbàgbé; bí a tilẹ̀ nù ún, ẹ̀dà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ṣì wà nípamọ́. Mo wá ẹ̀dà àtijọ́ kàn: ìlà rẹ̀ rèé, orúkọ rẹ̀, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méje. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan jẹ́ ti àbúrò mi. Bí mo bá kú, kí télọ̀ mú ìkejì lọ fún ọ̀gá.

Ìfọwọ́sí: Bàbá Àyẹ̀wò, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Télọ̀ ojúlé kejì.

Ẹlẹ́rìí kejì: Àbúrò rẹ̀. Mo ti kà á, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti mú tèmi. Ẹ gbé ti ọ̀gá lọ fún un láàárọ̀ ọ̀la, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá kú.