Ìwé Ìtàn Họ́kì Yín Tí Wọ́n Gbé Sínú Gíláàsì ní Ṣikágò

Bàbá mi, ẹni tí mo ṣì ń bá sọ̀rọ̀ nínú ọkàn mi lójoojúmọ́,

Mo ṣàárò yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe àárò ló gbé mi dé ìdí bírò lónìí. Ìríra ni. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti Ṣikágò dé, oúnjẹ ò sì tíì dùn lẹ́nu mi. Ohun tí mo rí ní gbọ̀ngàn tí ẹ ti ṣiṣẹ́ rí níbẹ̀ ló fà á. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún bí kò ṣe ẹ̀yin tó ni ín?

Lẹ́yìn tí a sin yín sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, a kó ẹrù yín kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń tún fíríìjì ṣe ní Alẹ́kùwodò, a kó o wá sílé ní Dàda Estate. Inú àpótí irinṣẹ́ yín ni mo ti rí ìwé náà, ìwé ẹlẹ́yìn líle mẹ́ta tí ẹ fi rọ́bà dè pọ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìtàn họ́kì orí yìnyín ní ìlú Ṣikágò ni, tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ní èdè Yorùbá. Ní ọdún tó ṣáájú ikú yín, ẹ ní kí n bá yín tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, mo ní mi ò ráyè. Irọ́ ni mo pa, Bàbá. Mo ráyè. Ojú ló ń tì mí. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá mi nìkan ló ń sọ̀rọ̀ eré orí yìnyín ní Òṣogbo, níbi tí kò sí yìnyín mìíràn ju èyí tí àwọn ẹlẹ́ja ń rà nínú ọ̀rá.

Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ẹ̀yìn ṣíbí dán ojú ẹ̀bà kí ẹ tó bu òkèlè àkọ́kọ́. Ẹ ó dán an títí yóò fi máa kọ mọ̀nà, ẹ ó wá gbójú sókè wò wá bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ ńlá. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ìka kan ara fíríìjì oníbàárà, tí ẹ ó tẹ́tí sí i, tí ẹ ó ní ó ti sọ ibi tó ń dùn ún fún yín.

Mo sì rántí ìtàn náà. Ẹ ní orí adágún inú pápá ìgbafẹ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń gbá a ní ìlú yẹn, nígbà tí òtútù bá sọ omi di òkúta. Wọ́n á de bàtà abirin, èyí tó ní irin mímú nísàlẹ̀, mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n á máa fi ọ̀pá lé pẹlẹbẹ rọ́bà dúdú kan kiri. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́n ọgbọ́n títẹ páìpù sábẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ń fi omi iyọ̀ tútù inú rẹ̀ ṣe yìnyín sínú ilé, kódà nígbà tí oòrùn bá ń mú níta. Ẹ sọ nípa gbọ̀ngàn ńlá apá ìwọ̀ oòrùn ìlú, tí ariwo èrò inú rẹ̀ ń mi ilẹ̀ tìtì, àti nípa ọ̀pọ̀ ọdún tí ẹgbẹ́ ìlú náà ò fi gba ife, síbẹ̀ tí èrò ò yéé wá. Ẹ sọ nípa àwọn gbọ̀ngàn kéékèèké àdúgbò náà. Ẹ ní bí àwọn aláwọ̀ dúdú bá ti ń kó wọ àdúgbò kan, àwọn aláwọ̀ funfun á máa kó jáde, yìnyín ibẹ̀ á yọ́, wọn ò sì ní tún un ṣe mọ́. Ẹ̀rín lẹ fi máa ń sọ apá yìí. Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín níbẹ̀, Bàbá?

Ẹ ní ọ̀kan nínú àwọn gbọ̀ngàn kéékèèké yẹn lẹ ti ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ ń kàwé ní Ṣikágò. Ẹ̀yin lẹ ń wa mọ́tò tó ń fá ojú yìnyín, tó sì ń da omi lé e kó lè dán. Ẹ ní ọ̀gá yín fẹ́ràn yín bí ọmọ. Ohun tí ẹ sọ fún wa nìyẹn, a sì gbà á gbọ́.

Nǹkan bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni Bùrọ̀dá Délé, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó ń gbé Ṣikágò, pè mí. Ó ní gbọ̀ngàn yín ṣì wà. Wọ́n fẹ́ ya yàrá kan sọ́tọ̀ tí wọ́n máa kó ìtàn họ́kì àdúgbò náà sí, òun sì ti sọ fún wọn nípa ìwé yín. Inú mi dùn gan-an. Mo rò pé ìwé tí mo kọ̀ láti bá yín tẹ̀ máa wá di ohun tí ayé ń wò. Mo fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rán ẹni tó ń lọ, láìṣí i kà. Ẹ gbọ́, Bàbá: láìṣí i kà. Nígbà tí wọ́n wá fi ìwé pè mí pé kí n wá síbi ayẹyẹ ṣíṣí yàrá náà, mo gba físà, mo lọ.

Àwòrán ọ̀gá yín lèèyàn kọ́kọ́ ń rí lẹ́nu ọ̀nà, ó tóbi bí ilẹ̀kùn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti dàgbà jù mí lọ, ló ń bójú tó ibẹ̀ báyìí. Ó gbá mi mọ́ra, ó fà mí lọ́wọ́ lọ síbi tí wọ́n gbé ìwé yín sí nínú àpótí gíláàsì. Wọ́n ṣí ìwé kejì sí ojú ewé tí ẹ ya mọ́tò yìnyín yẹn sí. Bírò búlúù lẹ fi yà á, ẹ̀yin fúnra yín wà lórí rẹ̀. Wọ́n wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé lẹ́tà ìfẹ́ ni, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Áfíríkà kọ sí họ́kì àdúgbò wọn. Àwọn èèyàn tò, wọ́n ń yà á ní fọ́tò.

Mo tẹ̀ síwájú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ àwòrán náà. Ẹ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí, torí kò kúrò lójú mi mọ́:

“Lónìí ọmọ kan ṣubú lórí yìnyín, kò lè dìde. Mo wọ bàtà abirin tí mo ti fi ń kọ́ ara mi, mo lọ gbé e. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a jọ yí gbọ̀ngàn po lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Àwọn òbí tó jókòó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ wọn jáde. Ọ̀gá dé, ó ní kí n bọ́ bàtà. Ó ní wọn ò ní jẹ́ kí ọmọ wọn gun yìnyín tí mo ti fẹsẹ̀ tẹ̀. Ó ní kí n gbé mọ́tò wọlé, kí n fá gbogbo rẹ̀ dé ibi tí páìpù wà, kí n sì da omi tuntun. Mo fá a. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí n tó parí. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí.”

Ẹ̀gbẹ́ mi gan-an ni ọmọbìnrin kan dúró sí, tó na ìka méjì sókè, tó ń ya ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ojú ewé yẹn. Mo yíjú sí Bùrọ̀dá Délé.

“Bùrọ̀dá, ẹ wá ka nǹkan tó wà níbí.”

“Mo ti kà á.”

“Ìgbà wo?”

“Nígbà tí ìwé dé ọwọ́ mi. Àwòrán yẹn ni wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n bi mí bóyá ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ dára, mo ní ó dára.” Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ọmọ mi ń gbá họ́kì níbí, àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ ni. Wọ́n fẹ́ pọ́n bàbá lé, jọ̀ọ́, má bà á jẹ́.”

Mi ò mọ èyí tó rí mi lára jù, àwọn tí kò lè kà á ni, àbí ẹni tó kà á tó sì ní ó dára.

Wọ́n wá pè mí síwájú pé kí n ka díẹ̀ ní èdè wa. Ọmọ ọ̀gá yín fi ìbọ̀wọ́ funfun gbé ìwé náà jáde fún mi bí ẹyin. Mo ka ojú ewé yẹn ní Yorùbá láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan ní ó dùn létí bí orin. Mo ní kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀, mo ṣì ń bọ̀. Mo wá ń tú u sí Gẹ̀ẹ́sì fún wọn, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn.

Nígbà tí mo parí, ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́.

“Bàbá mi kì í ṣe irú èèyàn bẹ́ẹ̀,” ọmọ ọ̀gá yín ló sọ bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Bàbá tèmi náà kì í parọ́,” mo fèsì.

Ẹ wò ó o, èmi tí ẹ fi irọ́ pé ọ̀gá yín fẹ́ràn yín bí ọmọ tọ́ dàgbà.

Ọkùnrin onírun funfun kan dìde láti ẹ̀yìn. Ó ní òun ni ọmọ tó ṣubú. Ó ní ní ọjọ́ náà, ìyá òun fi ọṣẹ fọ ọwọ́ òun lẹ́ẹ̀mejì. Ó rìn wá bá mi, ó gbé orí lé mi léjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń dúró kí n rẹ òun lẹ́kún. Gbogbo ojú wá ń wo èmi bóyá n ó ṣe é. Mi ò ṣe é, Bàbá. Mo yẹra, omijé rẹ̀ sì wà lára aṣọ mi. Títí mo fi dé ilé Bùrọ̀dá Délé, mo ń fi ìnujú nù ún.

Kí n tó jáde, ọmọ ọ̀gá yín rọra sọ fún mi pé, “Ṣé a ò lè kàn ṣí i sí ojú ewé mìíràn?”

Mo ní kó bá mi kó méjì tó kù wá. Mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú báàgì mi, mo jáde. Àwòrán ọ̀gá yín ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí mo délé ní Òṣogbo, Màmá ń kírun àlàásàrì. Mo dúró títí wọ́n fi sálámà, mo wá ka ojú ewé náà fún wọn. Wọ́n ń ká ẹní ìrun wọn díẹ̀díẹ̀.

“Màmá, ṣé ẹ mọ̀ ni?”

“Mo mọ̀. Ó sọ fún mi kó tó fẹ́ mi.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?”

“Òun ló ní kí n má sọ. Ó ní bí ẹ bá gbọ́, ẹ máa kórìíra eré náà, bẹ́ẹ̀ òun fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Ó ní wọn ò lè gba ìyẹn náà lọ́wọ́ òun.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè gbé mì. Mo ti wá ka ìwé náà tán báyìí. Ọdún mẹ́rin lẹ tún lò níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, tí ẹ ń dán yìnyín fún wọn, tí ẹ sì ń kọ orúkọ ẹni tó gbá góòlù sínú ìwé, títí kan ọmọ àwọn tó dúró wò yín. Irú ìfẹ́ wo nìyẹn? Ṣé ẹ kò kórìíra wọn rárá, àbí ẹ kórìíra wọn, tí ẹ sì mọ ọ̀nà tí ẹ fi ń ya ìkórìíra náà sọ́tọ̀ kúrò lára eré náà? Èé ṣe tí ẹ ò kọ́ mi?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bùrọ̀dá Délé fi fídíò ránṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ gbá góòlù, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré wá dì mọ́ ọn. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n gbá. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ̀ bá wò ó títí bátìrì fóònù á fi kú. Èmi ò lè wò ó tán. Ojú yìnyín tó ń dán lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn ni mò ń wò ṣáá, mo sì pa fídíò náà.

Ohun tí ẹ ń sá fún ti ṣẹlẹ̀, Bàbá. Mo ti kórìíra eré náà.

Ọmọ yín ni mí, tó fẹ́ràn yín ju bí ẹnu ṣe lè sọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n tí kò lè bá yín fẹ́ràn ohun tí ẹ fẹ́ràn.