Kọ́bọ̀ Aládìyẹ Ọwọ́ Nusaibah

Balbriggan, 2003

Bùrọ̀dá Mọ̀múdù,

Mo kí yín, mo kí Màmá àti gbogbo ilé n'Ísẹ́yìn. Ara wa le, Alhamdulillah. Ọkọ mi ti ríṣẹ́ ní èbúté, Nusaibah sì ń mu ọyàn dáadáa.

Kọ́bọ̀ àtijọ́ tí ìyá òyìnbó ilé kejì fi sí i lọ́wọ́, tẹ́ ẹ ní oògùn ni, kí n jù ú sókun, mi ò jù ú o! Ṣé ẹ̀yin kì í fi náírà sọ́wọ́ ọmọ tuntun ni?

Nígbà tí àwọn òyìnbó ìlú tá a wà yìí gbòmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò fi orí ọba sára owó wọn mọ́. Dùùrù ló wà lójú kan kọ́bọ̀ yìí, adìyẹ àtọmọ márùn-ún lójú kejì.

Ẹ ṣàdúà fún wa, kẹ́ ẹ sì fi irú ránṣẹ́. Orí ọba ni wọ́n yọ fún adìyẹ yìí. Èmi ò ní yọ ọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi.

Àbúrò yín,
Sìkírátù