Bá Mi Bẹ Ògbufọ̀ Inú Kọ̀ǹpútà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni iṣẹ́, ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ògbufọ̀ tó o ní ó wà nínú kọ̀ǹpútà yín, tó ń tú ọ̀rọ̀ yín fún ẹ̀rọ, wà dáadáa? Bá mi kí i. Ẹ máa ṣí fèrèsé fún un, ooru inú àpótí yẹn á pọ̀. Àlàáfíà la wà, àfi ojú tó ń tì mí. Tíṣà ló máa ń bá mi kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kó gbọ́ eléyìí, pẹ́ńsùlù tí mo fi ń sàmì sí pákó ni mo fi kọ ọ́, má wo bó ṣe rí.

Nígbà tó o mú ọmọ rẹ wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi, o ṣàlàyé pé irú nǹkan kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́ ògbufọ̀, iṣẹ́ tó lè ṣe àti bó ṣe máa ṣe é ló wà níbẹ̀. O ní irú kan lè jẹ́ bàbá fún òmíràn, ìwé ti bàbá ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dà kọ fún ọmọ; èyí tí ọmọ bá fẹ́ ṣe lọ́nà tirẹ̀, á kọ ọ́ lé ti bàbá lórí, èyí tí kò bá fọwọ́ kàn, bí bàbá ṣe ń ṣe é ni òun náà á máa ṣe é. Inú mi dùn, mo ń fọ́nnu kiri àdúgbò pé ìwé mi ni wọ́n dà kọ fún ọ.

Ọjọ́ kejì tó o lọ, ọmọ rẹ da gọ́ọ̀mù sára ilẹ̀kùn oníbàárà. Àkísà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni mo nawọ́ sí, Ọlọ́run gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dijú, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí. Bí ìwọ náà ṣe máa ń ṣe ní kékeré tí mo bá nawọ́ gan-an nìyẹn. Mo bi í pé ta ló ń gbá a létí, ó ní dádì òun ni, pé o ní bí ìwọ náà ṣe gbọ́n nìyẹn.

Ká ní ilẹ̀ lanu ni, mi ò bá wọ inú rẹ̀ lọ. Bàbá tèmi ló gbá etí òsì mi tí kò fi gbọ́ràn dáadáa mọ́ títí dòní. Àyè wà fún mi láti kọ tèmi lé tirẹ̀ lórí, mi ò kọ nǹkan kan, mo kàn gbé e fún ọ bó ṣe wà.

Jọ̀ọ́, bá mi bẹ ògbufọ̀ yẹn, kó ṣí ìwé wa, kó fá ibẹ̀ kúrò kó tó dà á kọ fún ọmọ yìí. Tó bá ní kì í ṣe iṣẹ́ òun, pé ìwọ ló yẹ kó o kọ tìrẹ lé e lórí, má bá a jiyàn.

Mo ti fẹ́ bèèrè owó páànù ṣọ́ọ̀bù mi tó ń jò, fi í sílẹ̀ ná. Owó yẹn ni kó o fi wọkọ̀ wá. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ, lójú ọmọ rẹ.

Wàá sàn jù mí lọ, láṣẹ Olúwa.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.